Òfin lórí títa ọ̀gbìn igi eléso: ibo ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wéOko
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tó wà nídìí ọ̀gbìn. Ìbéèrè kan rèé tí mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀. Bí ìjọba kan bá fẹ́ ṣe òfin tí yóò máa darí títa ọ̀gbìn igi eléso, kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ gan-an? Ohun tó sábà máa ń wà nínú àbá irú òfin bẹ́ẹ̀ ni pé kí aṣàyẹ̀wò lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, kó wo ewé, kó wo ìtì, kó lu òǹtẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó kẹ́yìn nìkan ni òfin bẹ́ẹ̀ ń rí mú. Ẹni tí àrùn ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìgbésẹ̀, ẹ sọ iye. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù lórí ọ̀ràn yìí.

Láàbù_Ewéko
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wéOko, ìdí igi ìyá ni òfin ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú igi eléso tí wọ́n ń tà, kì í ṣe kóró ni wọ́n fi gbìn ín. Ojú, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú, ni wọ́n gé lára igi ìyá, tí wọ́n so mọ́ igi ìdí tó ti ta gbòǹgbò. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú oje igi ìyá, gbogbo ojú tí a bá gé níbẹ̀ ló lè gbé e lọ. Igi kan ṣoṣo sì lè fúnni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú láàárín ọdún kan.

Ẹ wo fáírọ́ọ̀sì tristeza tó ń bá igi ọsàn jà. Láwọn ọdún 1930 ó jà ní Argentina àti Brazil, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ló sì kú. Orí ọsàn kíkan ni wọ́n so ọsàn mímu mọ́ nígbà náà. Níbi ìsopọ̀ yẹn gan-an ni àrùn náà ti ń pa iṣan tó ń gbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ láti inú ewé, ebi á wá pa gbòǹgbò kú. Ṣùgbọ́n bí a bá so ọsàn mímu kan náà mọ́ igi ìdí mìíràn tó lè fara dà á, igi náà lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn. Ewé rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n á sì máa gé ojú lára rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bákan náà ni ti huanglongbing, tí bakitéríà ń fà lára ọsàn. Ó lè wà nínú igi fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, kí ewé tó ní àbàwọ́n ìyeyè tí kò bára mu ní ìhà méjèèjì iṣan àárín. Aṣàyẹ̀wò tó dúró nídìí àtẹ kò lè rí ohun tí kò tíì yọjú.

ÌyáNọ́sìrì
Mi ò bá yín jiyàn nípa igi ìyá, àbúrò. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé fífi ojú wo ọ̀gbìn kò wúlò. Ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń wò. Ewé ni gbogbo wọn ń gbójú lé, nígbà tó jẹ́ pé inú ike ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí òfin bá fẹ́ kí àyẹ̀wò ojú nítumọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n yọ ọ̀gbìn kúrò nínú ike. Orí gbòǹgbò tó ń dàgbà gbọ́dọ̀ funfun. Bí awọ gbòǹgbò bá bó nígbà tí a fi ìka fà á, tó wá ku fọ́nrán tín-ín-rín láàárín, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ Phytophthora, ohun bí olu tó ń mú gbòǹgbò rà, ló ń jẹ ẹ́. Kókó wẹ́wẹ́ tó so mọ́ gbòǹgbò ń tọ́ka sí aràn inú ilẹ̀. Kókó ńlá tó le, tó rí gbágungbàgun níbi tí ìtì ti wọlẹ̀, ìyẹn bakitéríà Agrobacterium ni. Ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ kò ní oògùn, ká sun ún ni.

Ẹ tún wo gbòǹgbò tó ti ń yí ìsàlẹ̀ ike po. Kì í tú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gbìn ín. Bó ṣe ń sanra ló ń fún ìdí igi pọ̀, igi náà á sì gbẹ tàbí kí afẹ́fẹ́ wó o lulẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa so. Àrùn kọ́ nìyẹn o, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ti pàdánù ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó yẹ kí òfin ka ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ sí ohun tí kò yẹ ní títà.

Fún ọsàn, kí ibi ìsopọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, ó kéré tán. Igi ìdí ni wọ́n yàn nítorí pé ó lè kojú Phytophthora. Awọ ọsàn mímu tó wà lókè kò lè kojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá so ó sílẹ̀ jù, tí ilẹ̀ sì bò ó, ara ìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í sun oje.

Onísirò_Oko
Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, torí iye ọ̀gbìn tí wọ́n ń mú wò ni ọ̀pọ̀ ìlànà ti ń kùnà.

Ká ní ọ̀wọ́ ọ̀gbìn kan pọ̀ gan-an, tí ẹyọ 1 nínú 100 sì ní àrùn. Bí aṣàyẹ̀wò bá mú 60 láìyan èyíkéyìí láàyò, nǹkan bí ìgbà 55 nínú 100 ni kò ní bá ẹyọ aláàrùn kankan pàdé. Á lu òǹtẹ̀, ọ̀wọ́ náà á sì jáde. Kó tó lè ní ìdánilójú 95 nínú 100 pé òun á mú ó kéré tán ẹyọ kan, nǹkan bí 300 ló gbọ́dọ̀ mú. Bí àrùn bá ti dé ara ẹyọ 5 nínú 100, 60 tó.

Ìṣirò yẹn gbà pé àyẹ̀wò kì í ṣìnà. Bí ohun èlò àyẹ̀wò bá ń rí 80 péré nínú 100 ọ̀gbìn aláàrùn, 300 yẹn á di nǹkan bí 373. Bó bá sì jẹ́ ojú lásán la fi ń wo àrùn tí kò tíì yọjú, kò sí iye tó lè tó.

Wàyí o, ẹ fi wé igi ìyá. Nọ́sìrì tó ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀gbìn lè máà ní ju igi ìyá 20 lọ. Gbogbo ogún náà la lè yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmú èyí ká fi ìyẹn sílẹ̀. Owó tó kéré, ìdánilójú tó pọ̀ jù.

Akọ̀wéOko
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èyí yé mi. Ó ku bí a ṣe ń sọ igi ìyá di mímọ́, àti bí a ṣe ń pa á mọ́ bẹ́ẹ̀. Bí òfin bá kàn ní "kí igi ìyá má ṣe ní àrùn," kò tíì sọ nǹkan kan.

Láàbù_Ewéko
Òótọ́ ni. Báyìí ló ṣe ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ ya igi tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìyá sọ́tọ̀, kó má sí nítòsí èyíkéyìí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ẹ gé ewé tàbí awọ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí rẹ̀, nítorí àrùn kì í pín dọ́gba nínú igi. Ẹ̀ka kan lè kún fún bakitéríà kí èkejì má ní rárá. ELISA, tó ń wá púrótéènì àrùn, àti PCR, tó ń wá DNA tàbí RNA rẹ̀, ni àyẹ̀wò láàbù tó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká pa àyẹ̀wò àtijọ́ tì, ìyẹn síso ojú rẹ̀ mọ́ igi atọ́ka, igi tó tètè ń fi àmì hàn. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò fún tristeza: iṣan ewé rẹ̀ á máa mọ́lẹ̀ ní àbùlé àbùlé bí a bá gbé e sókè síhà oòrùn. PCR ń rí ohun tí a kọ́ ọ láti wá nìkan. Igi atọ́ka lè fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn hàn. Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ooru líle máa ń dín ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì kù nínú ewé, àyẹ̀wò á sì sọ pé kò sí.

Bí igi tó níye lórí bá ní àrùn, a lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n máa ń gbé e sínú yàrá tó gbóná tó nǹkan bí 37 sí 38°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì gé ṣóńṣó orí ẹ̀ka tuntun. Ti ọsàn kéré débi pé abẹ́ maikirosikópù ni wọ́n ti ń gé e: mìlímítà 0.1 sí 0.2. Wọ́n á so ó mọ́ irúgbìn kékeré tó wà nínú ìgò. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń kẹ́yìn ṣóńṣó tó ń dàgbà. Bí a bá gé e tóbi jù, àrùn á bá a wọlé. Bí a bá gé e kéré jù, á kú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a tún gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò látìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò.

Lẹ́yìn náà, ilé nẹ́ẹ̀tì, kí kòkòrò tó ń gbé àrùn kiri má baà wọlé. Kí ojú nẹ́ẹ̀tì má fẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 0.3 lọ, kó ní ilẹ̀kùn méjì tí a kì í ṣí pa pọ̀, kí ike wà lórí tábìlì, kó má fara kan ilẹ̀. Bí nẹ́ẹ̀tì bá ya, àní ìwọ̀nba ihò tí ìka lè wọ̀, gbogbo igi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí àyẹ̀wò kí wọ́n tó tún gé ojú kan lára wọn.

Ìwé_Ẹ̀rí
Ẹni tó ń wá àpẹẹrẹ òfin tó gba ọ̀nà yìí lè wo ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Directive 2008/90/EC, pẹ̀lú àwọn ìlànà ìmúṣẹ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2017. Ìpele mẹ́rin ló pín ọ̀gbìn eléso sí. Ti òkè pátápátá ni igi tó ṣáájú ìpìlẹ̀, èyí tó ń gbé inú ilé tí kòkòrò kò lè wọ̀. Láti ara rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ti ń jáde, láti ara ìpìlẹ̀ ni oníwèé-ẹ̀rí ti ń jáde. Ìpele kẹrin, tí wọ́n ń pè ní CAC, ni èyí tó kéré jù tí wọ́n ṣì lè tà: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú igi tí wọ́n pè é, kó sì má ní àbùkù tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò rẹ̀ kò jinlẹ̀ bíi ti mẹ́ta yòókù.

Àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì ló ń sọ ìpele fún ẹni tó ń rà. Funfun tí ìlà elésè àlùkò dábùú rẹ̀ ni ti ṣáájú ìpìlẹ̀, funfun lásán ni ti ìpìlẹ̀, aró ni ti oníwèé-ẹ̀rí. Ìwé CAC tí wọ́n bá so mọ́ ọ̀gbìn á jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí gan-an, nítorí pé ẹni tí kò mọ òfin kankan lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún òun.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti December 14, 2019, ìwé ìrìnnà ọ̀gbìn ti di dandan fún gbogbo ọ̀gbìn tí wọ́n ń gbìn, lábẹ́ Regulation 2016/2031. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: A fún orúkọ ewéko, B fún nọ́ńbà ẹni tó forúkọ sílẹ̀, C fún nọ́ńbà ọ̀wọ́, D fún orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹni tó bá gbà á tàbí tó fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.

Alátà_Díẹ̀díẹ̀
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Gbogbo èyí dára fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó ń ta 200 ọ̀gbìn lọ́dún, ibo ni yóò ti rí owó ELISA, PCR, ilé nẹ́ẹ̀tì onílẹ̀kùn méjì? Bí ẹ bá di ẹrù yìí lé e lórí, kò ní ṣíwọ́ títà. Yóò kàn máa tà á ní kọ̀rọ̀ ni, láìsí lébẹ́ẹ̀lì, láìsí àkọsílẹ̀. Àrùn náà á máa rìn, ẹ kò sì ní mọ ọ̀nà tó gbà. Òfin tó mú kí ọ̀gbìn di ohun àfipamọ́ burú ju àìsí òfin lọ.

Ìwé_Ẹ̀rí
Ẹ ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Òfin Yúróòpù yẹn náà fàyè sílẹ̀: ẹni tó bá jẹ́ pé àwọn tó ń gbìn fún ara wọn nílé nìkan ló ń tà fún, wọ́n lè máà fi dandan mú un láti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Directive 2008/90. Ìwé ìrìnnà pẹ̀lú kì í ṣe dandan nígbà tí ọ̀gbìn bá ń lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó máa gbìn ín sí ọgbà ilé rẹ̀.

Àmọ́ wọ́n yọ ohun kan kúrò nínú àyè yẹn: títà láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rà á bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ọgbà ilé ló fẹ́ gbìn ín sí, ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ó bọ́gbọ́n mu. Ọ̀gbìn tí a rà nítòsí, àrùn inú rẹ̀ ṣeé ṣe kó ti wà ládùúgbò yẹn tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú páálí lè gbé kòkòrò dé ibi tí kò tíì sí láàárín ọjọ́ méjì. Bí mo bá ní láti yan ibi kan ṣoṣo tí òfin yóò ti le, ibẹ̀ ni mo máa yàn.

ÌyáNọ́sìrì
Ọ̀nà àbáyọ tún wà fún aládàáni kékeré, Alátà. Kò yẹ kó ní igi ìyá rárá. Kí ó máa ra ojú láti ibùdó kan tó ti yẹ tiwọn wò. Báyìí ni Citrus Clonal Protection Program ní California ṣe ń ṣe é fún ọsàn: àwọn ló ń tọ́jú igi ìyá, àwọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá fẹ́ so igi á ra ojú níbẹ̀. Owó ńlá dúró síbì kan, á sì pín kárí orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú.

Ohun tí òfin á wá béèrè lọ́wọ́ aládàáni kò ju ìwé kan lọ: ọjọ́ tó so, nọ́ńbà igi tí ojú ti wá, iye tó so, ibi tó ti rí igi ìdí, ẹni tó tà á fún. Bí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan bá ní nǹkan márùn-ún yìí, a lè tọpa rẹ̀.

Kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ kún un. Láàbù, ẹ bá wọn sọ ti viroid, ohun tó ń fa àrùn tó sì kéré ju fáírọ́ọ̀sì lọ.

Láàbù_Ewéko
Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá, mà. Viroid exocortis ti ọsàn ń gba ara ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí lọ láti igi kan sí òmíràn. Ọtí kì í pa á. Fífi iná jó ojú ọ̀bẹ pàápàá kò ṣeé gbára lé. Bílíìṣì ló ń ṣe é: bí bílíìṣì náà bá ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 sodium hypochlorite, ẹ po ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 4. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó kúrò lára igi ìyá kan bọ́ sí ìkejì. Ẹ máa po tuntun lójoojúmọ́, nítorí oòrùn àti ìdọ̀tí máa ń pa agbára rẹ̀. Ó ń jẹ irin, torí náà ẹ fi omi ṣàn án bí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ nù ún.

Ilẹ̀ àti omi náà nílò gbólóhùn tiwọn nínú òfin. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ooru omi gbígbóná mú gbóná dé 60°C fún ìṣẹ́jú 30 ti bọ́ lọ́wọ́ aràn àti ọ̀pọ̀ olu tó ń pa gbòǹgbò. Kò yẹ kí ó gbóná ju 80°C lọ: àwọn ohun abẹ̀mí tó wúlò á kú pẹ̀lú, ilẹ̀ á ṣófo, àrùn àkọ́kọ́ tó bá sì débẹ̀ á gbilẹ̀ láìsí alátakò. Omi adágún jẹ́ ibi tí Phytophthora ti máa ń lúwẹ̀ẹ́. Kí kilorín-ìnì tó ṣì lágbára tó mílígíráàmù 2 nínú lítà kan wà nínú omi náà níbi tó ti ń jáde lẹ́nu páìpù, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti dà á sínú táńkì.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀_Tútù
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ojú àti ọ̀bẹ tó, ṣùgbọ́n àwọn igi tí a kì í so ńkọ́? Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń gbé àrùn jù. Bí a bá bó awọ rẹ̀ títí tó fi funfun, tí a sì rì í sínú omi 52 sí 55°C fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, aràn gbòǹgbò àti ẹyin kòkòrò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á kú. Omi gbígbóná yìí kì í pa fáírọ́ọ̀sì bunchy top, èyí tó ń mú kí ewé kúrú, kí wọ́n sì ṣù jọ sókè. Ìdí nìyí tí òfin kò fi gbọ́dọ̀ gba "a ti bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná" bí ẹ̀rí ìlera pípé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìgò, èyí tí wọ́n tọ́ ní láàbù, náà kò mọ́ fún pé inú ìgò ló ti wá. Bí ìyá rẹ̀ bá ní fáírọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀rún ọmọ aláàrùn tó jọra ni láàbù ń pèsè.

Píà sì tún burú ní tirẹ̀. Viroid sunblotch lè wà nínú igi tí kò ní àmì kankan, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kóró rẹ̀ ló gbé e. Ẹni tó bá fi kóró bẹ́ẹ̀ gbin igi ìdí ti kó àrùn wọlé láti ìsàlẹ̀, bí ojú tó rà tiẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí òfin béèrè ibi tí kóró ti wá bó ṣe ń béèrè ti ojú.

Onísirò_Oko
Nípa irú igi: ọ̀gbìn tó ní ìlera ṣùgbọ́n tí kì í ṣe irú tí wọ́n pè é náà jẹ́ èrú. Àyẹ̀wò DNA lè fi ìyẹn hàn láti ara ewé kan, àmọ́ ó ń fẹ́ ewé igi tí ó dájú pé ó jẹ́ ojúlówó láti fi wé. Kí ibùdó igi ìyá jẹ́ kí ẹ̀ka díẹ̀ so èso kí wọ́n lè rí i, nítorí ẹ̀ka kan lè yí padà fúnra rẹ̀ lórí igi ojúlówó.

Akọ̀wéOko
Ìbéèrè kan ló kù fún mi. Bí a bá rí àrùn ńkọ́, lẹ́yìn tí ọ̀gbìn ti kúrò ní nọ́sìrì?

Ìwé_Ẹ̀rí
Ibí ni nọ́ńbà ọ̀wọ́ ti ń san owó tí wọ́n ná lé e lórí. Ọjọ́ náà gan-an ni títà gbogbo ohun tó bá ti ara igi ìyá yẹn wá gbọ́dọ̀ dúró, láìdúró de èsì àyẹ̀wò kejì. Wọ́n á tọpa sẹ́yìn dé igi ìyá, wọ́n á tọpa síwájú dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó rà á. Èyí tó bá ní àrùn, wọ́n á fa tu tòun ti gbòǹgbò, wọ́n á sun ún. Kí wọ́n má fi kùkùté sílẹ̀: ó máa ń hu, ẹ̀ka tuntun rẹ̀ ló sì dùn mọ́ kòkòrò amoje jù.

Mo fẹ́ kí gbà-má-bínú wà nínú òfin náà láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì plum pox ní Pennsylvania lọ́dún 1999, wọ́n gé ọgbà píìṣì àti àwọn ìbátan rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n sì san owó fún àwọn olóko. Ó di ọdún 2019 kí Amẹ́ríkà tó kéde pé òun ti pa á rẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé òfò nìkan ló máa kan òun bí òun bá sọ̀rọ̀ á pa ẹnu mọ́, a kò sì lè fa igi tí a kò mọ̀ tu.

Ẹ wo São Paulo ní Brazil pẹ̀lú. Láti January 2003 ni wọ́n ti fòfin de títa ọ̀gbìn ọsàn tí wọ́n tọ́ síta gbangba. Inú ilé nẹ́ẹ̀tì nìkan ló gbọ́dọ̀ ti wá. Àrùn tí bakitéríà Xylella fastidiosa ń fà ló sún wọn ṣe é. Nígbà tí huanglongbing yọjú níbẹ̀ lọ́dún 2004, ilé nẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀.

Alátà_Díẹ̀díẹ̀
Bó bá jẹ́ pé ojú tí mo rà ní ibùdó ni wọ́n bá àrùn lára rẹ̀, tí ìwé mi sì pé, ta ni yóò san owó náà?

Ìwé_Ẹ̀rí
Ibùdó ni. Kí òfin sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, tó sì ra ojú tó ní lébẹ́ẹ̀lì, kò jẹ gbèsè kankan. Ẹni tí kò lè fi ibi tí ojú rẹ̀ ti wá hàn ni kò ní rí gbà-má-bínú gbà.